Àwítúnwí, Ẹ̀bẹ̀ àti Àlùbáríkà nínú Ewì Nana Asma'u ti Sókótó

Ìfáàrà

Kasuwar Kara ni ọjà ẹran ọ̀sìn tí ó wà nínú ìlú Sókótó. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ìnájà àwọn Háúsá, bí oníbàárà bá dá iye kan lé ẹran, tí iye náà kò sì tẹ́ ọlọ́jà lọ́rùn, ọlọ́jà kì í sọ pé òun kò tà. 'Albarka' ni yóò wí. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí Ọlọ́run bù kún ẹni tí ó ná ọjà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tíì tó. Ọ̀rọ̀ yìí ni Yorùbá ń pè ní àlùbáríkà. Inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá sínú èdè méjèèjì. Òun náà ni ó sì wà nínú àkọlé *Tawassuli Ga Mata Masu Albarka*, ewì tí Nana Asma'u kọ ní nǹkan bí ọdún 1837. Ìtumọ̀ àkọlé náà ni 'ẹ̀bẹ̀ nípasẹ̀ àwọn obìnrin alálùbáríkà'.

Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni ipa tí àwítúnwí ń kó nínú ewì ìjọsìn bí irú èyí. Ṣé owó tí akéwì fi ń ra oore Ọlọ́run ni, àbí nǹkan mìíràn?

Akéwì àti àwọn olùgbọ́ rẹ̀

Nana Asma'u (1793–1864) jẹ́ ọmọ Shehu Usman dan Fodio, ẹni tí ó dá ìjọba Sókótó sílẹ̀, tí ó sì tẹ̀ lé ọ̀nà Qadiriyya, níbi tí pípe orúkọ Ọlọ́run ní àpètúnpè ti jẹ́ òpó ìjọsìn. Èdè mẹ́ta ni Asma'u fi kéwì: Fulfulde, Háúsá àti Lárúbáwá. Jean Boyd àti Beverly Mack kó àwọn iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1997. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ìwé nìkan ni ibùgbé ewì wọ̀nyí. Asma'u kó àwọn obìnrin jọ sí ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní 'Yan Taru. Àwọn aṣáájú wọn, tí oyè wọn ń jẹ́ jaji, a máa há ewì sórí, wọn a sì lọ fi kọ́ àwọn obìnrin ìgbèríko. Etí ni a fi ń gbọ́ ọ, ẹnu ni a sì fi ń gbè é.

Ọfọ̀ ni, àbí ẹ̀bẹ̀?

Ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá láti ka *Tawassuli* bí ẹni ń ka ọfọ̀. Orúkọ ń tẹ̀ lé orúkọ, ìyìn ń tẹ̀ lé ìyìn, ẹ̀bẹ̀ sì ń padà wá. Ṣùgbọ́n ìrísí nìkan ni ó jọra. Nínú ọfọ̀, a mọ orúkọ àbísọ nǹkan, a pè é, a sì pàṣẹ fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá pé, ó gbọdọ̀ jẹ́. Nínú *Tawassuli*, kò sí ẹni tí a pàṣẹ fún. Ẹni tí a ń bẹ̀ lè ṣe é, ó sì lè má ṣe é.

Oríkì ni ó sún mọ́ ewì yìí jù. Asma'u dárúkọ Rabi'a ará Basra, tí ó ti kú ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀, ó sì dárúkọ àwọn obìnrin àwùjọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí oríkì ṣe ń sọ fún ọmọ pé ẹni báyìí ni ó bí i, bẹ́ẹ̀ ni ewì yìí ń sọ fún obìnrin tí ó ń gbè é pé ìdílé mímọ́ ni ó ti wá. Àwítúnwí kò yí Ọlọ́run padà. Ẹni tí ó ń wí i ni ó ń yí padà.

Èyí kò ní kí a má rí àbùkù ewì náà. Orúkọ àti gbólóhùn kúkúrú kan péré ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà rí gbà. Ó lè sú ẹni tí ó ń kà á ní òun nìkan. Inú agbo, níbi tí ègbè ti ń dáhùn, ni ó ti ń kún.

Àríyànjiyàn láti ilẹ̀ Íńdíà

Lámèyítọ́ lè sọ pé ìyàtọ̀ yìí kò dúró gbọn-in. Ṣebí àwọn Mùsùlùmí kan, ní ilẹ̀ Háúsá àti ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa fọ ọ̀rọ̀ tí a kọ sára wàláà, wọn a sì mu omi rẹ̀? Òótọ́ ni. Irú ìṣòro yìí wà láàrin àwọn Híńdù náà, tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi ìlù àti orin pe orúkọ Krishna tàbí Rama ní àpètúnpè, pàápàá láti ìgbà Chaitanya (1486–1534) ní Bengal.

Ní gúúsù Íńdíà, àwọn olùsìn Vishnu pín sí ọ̀nà méjì lórí ọ̀rọ̀ oore-ọ̀fẹ́. Àwọn kan ní ènìyàn dà bí ọmọ ọ̀bọ, tí ó gbọdọ̀ di ìyá rẹ̀ mú kí ìyá tó lè gbé e. Àwọn kejì ní ó dà bí ọmọ ológbò, tí kò ṣe nǹkan kan tí ìyá fi ń fi ẹnu gbé e. Àwọn méjèèjì ń kọrin. Ìtumọ̀ orin ni wọn kò fẹnu kò lé. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn *Tawassuli*, àárín ni ó bọ́ sí: akéwì ń nawọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé ọwọ́ òun ni ó gbé òun.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé gbogbo àwítúnwí ni ọfọ̀ ti gba ìbéèrè náà lọ́wọ́ ewì kí ewì tó la ẹnu. Ó ń fi adúra pe àṣẹ. Yorùbá ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Oríkì tí ó wà lápò wa ni ó là wá lóye ewì ará Sókótó. Ọlọ́jà Kasuwar Kara tí ó ní 'albarka' ti sọ ìyókù: ire ni ó fi dá oníbàárà lóhùn, kò sì gba kọ́bọ̀ kan lórí ire náà.