Orúkọ Ọjọ́ Ìbí Láàrin Àwọn Akan

Àwọn Akan ni ẹ̀yà tí ó pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n sì tún wà ní Côte d'Ivoire. Àwọn Àṣàǹtí àti àwọn Fante wà lára wọn. Bí wọ́n bá bí ọmọ láàrin wọn, ọmọ náà ti ní orúkọ kí bàbá rẹ̀ tó ronú kan èyí tí yóò sọ ọ́, nítorí pé ọjọ́ tí ó dé ilé ayé ti sọ ọ́ lórúkọ. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Òjó, Àìná, Ìgè àti Dàda kì í dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gba orúkọ. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ìwọ̀nba ọmọ ni ó ń mú orúkọ tọ̀run wá. Ní ti àwọn Akan, gbogbo ọmọ ni.

Orúkọ méje ni ó wà fún ọkùnrin, méje fún obìnrin. Kwasi ni ọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Àìkú, Akosua ni obìnrin. Kwadwo àti Adwoa ni ọmọ ọjọ́ Ajé, Kwabena àti Abena ni ti Ìṣẹ́gun, Kwaku àti Akua ni ti Ọjọ́rú. Yaw àti Yaa ni ó ni Ọjọ́bọ̀, Kofi àti Afua ni ó ni ọjọ́ Ẹtì, Kwame àti Ama sì ni ó ni Àbámẹ́ta. Ìpè wọn a máa yí láti ìlú dé ìlú: ẹni tí Àṣàǹtí ń pè ní Kwabena, Kobina ni ó lè jẹ́ lẹ́nu Fante, Akosua sì lè di Esi. Àwọn Ewe tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wọn ní Gánà àti Togo ní tiwọn pẹ̀lú, bí i Kossi fún ọmọ Àìkú àti Komla fún ọmọ Ìṣẹ́gun.

Kradin ni àwọn Akan ń pe orúkọ yìí, èyíinì ni orúkọ ẹ̀mí. Wọ́n gbà pé ọ̀dọ̀ Onyame, Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá, ni kra, ẹ̀mí ènìyàn, ti wá, ọjọ́ tí ó sì wọ ayé ni ọjọ́ tirẹ̀ títí láé. Òye tí Yorùbá ní nípa orí sún mọ́ èyí. Kì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó ní ọjọ́. Asase Yaa ni Àṣàǹtí ń pe Ilẹ̀, Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ rẹ̀. Nítorí náà, èèwọ̀ ni kí àgbẹ̀ ro oko lọ́jọ́ náà. Àga wúrà tí ó jẹ́ ọkàn ìjọba Àṣàǹtí ń jẹ́ Sika Dwa Kofi, nítorí ìtàn sọ pé ọjọ́ Ẹtì ni àwòrò Okomfo Anokye pè é sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run fún ọba Osei Tutu. Kódà aláǹtakùn inú àlọ́ wọn, tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ìjàpá wa, Kwaku Ananse ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ọjọ́rú ni òun náà. Oríkì tún wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Preko ni wọ́n fi ń ki Yaw, Otuo ni wọ́n fi ń ki Kofi.

Orúkọ ọjọ́ nìkan kọ́ ni ọmọ ń jẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń kó ọmọ jáde, tí bàbá yóò sì fún un ní orúkọ ẹbí kan tí ó níyì. Wọn a kán omi sí ọmọ náà lẹ́nu, wọn a tún kán ọtí sí i, wọn a sì kìlọ̀ fún un pé bí ó bá jẹ́ omi, kí ó pè é ní omi, bí ó bá jẹ́ ọtí, kí ó pè é ní ọtí. Àwọn orúkọ mìíràn ń tọ́ka sí ipò ọmọ láàrin àwọn ọmọ ìyá rẹ̀: Mensa ni ẹ̀kẹta, Anane ni ẹ̀kẹrin, Badu ni ẹ̀kẹwàá. Ata ni ìbejì. Ọmọ tí ó tẹ̀lé ìbejì ń jẹ́ Tawia, gẹ́gẹ́ bí tiwa ti ń jẹ́ Ìdòwú.

Ẹni tí ó bá mọ èyí lè ka orúkọ Kofi Atta Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà kan rí, bí ẹni ń ka ìwé. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1938, ni wọ́n bí i ní Kumasi: Kofi. Òun àti arábìnrin rẹ̀, Efua Atta, ni wọ́n jọ wá: Atta. Annan sì ni ọ̀nà tí Fante ń gbà pe ọmọ kẹrin.

Ti Kwame Nkrumah, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Gánà, tún fi ìwúlò orúkọ yìí hàn ju èyí lọ. Wọ́n bí i ní abúlé Nkroful, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ nígbà náà. Àlùfáà Kátólíìkì tí ó ṣe ìrìbọmi fún un fojú bu ọjọ́ náà, ó sì kọ ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1909. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ yẹn bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ Kwame kì í ṣe ọmọ Ìṣẹ́gun. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ tí ó jáde ní 1957, Nkrumah jẹ́ kí ó yé wa pé ìméfò lásán ni ohun tí àlùfáà kọ, ṣùgbọ́n pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n bí òun kò ní iyèméjì nínú. Ìwé ni ó ṣìnà, orúkọ kò ṣìnà.

Òwò ẹrú kó orúkọ wọ̀nyí kọjá òkun. Àwọn olóko ní erékùṣù Caribbean kọ wọ́n bí etí wọn ti gbọ́ ọ: Kwadwo di Cudjoe, Kofi di Cuffee, Kwaku di Quaco, Afua di Phibba. Akua di Cuba, láìní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Edward Long to irú orúkọ wọ̀nyí sínú ìwé ìtàn Jàmáíkà tí ó tẹ̀ jáde ní 1774. Ní ilẹ̀ náà, Cudjoe ni olórí àwọn Maroon, àwọn ẹrú tí wọ́n sá lọ tẹ̀dó sórí òkè, òun ni ó sì bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1739. Cuffy ni ó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Berbice, tí ó di apá kan Guyana, ní 1763; akọni orílẹ̀-èdè ni Guyana kà á sí, ère rẹ̀ sì wà ní Georgetown. Paul Cuffe, ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Massachusetts, pa Slocum tì, orúkọ ẹni tí ó ra bàbá rẹ̀, ó sì fi Kofi tí bàbá náà ń jẹ́ ṣe orúkọ ìdílé. Kwasi ni kò ríre. Quashie di èébú ní Jàmáíkà, wọ́n ń fi pe òpè. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ẹni tí a bá fi ṣẹrú, orúkọ rẹ̀ kì í bọ́ nínú ìyà náà.

Ọ̀rọ̀ náà kan Yorùbá pẹ̀lú. Kossola wà lára àwọn tí ọkọ̀ Clotilda kó dé Mobile, ní Alabama, ní 1860. Àwọn òpìtàn tí wọ́n tọpa rẹ̀ sọ pé ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bàǹtè, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni. Nígbà tí olówó rẹ̀ kò lè pe orúkọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Cudjo, orúkọ tí ó ti kọjá ọ̀dọ̀ Akan di ti àwọn aládùúgbò wọn. Cudjo Lewis ni ayé mọ̀ ọ́n sí títí ó fi kú ní 1935. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ka àkọsílẹ̀ àwọn ẹrú àtijọ́, tí ó sì bá Cudjoe, Quaco tàbí Phibba pàdé, kí ó má ṣe kà wọ́n sí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì.