Ẹ̀bùn Tí Kò Ní Àlàyé: Rédíò àti Ìdájọ́ Orin n'Ìbàdàn

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, èrò kún pápá ìṣeré Liberty tó wà l'Ókè-Àdó, n'Ìbàdàn. Wọ́n wá wo Dick Tiger àti Gene Fullmer tí wọ́n ń du àmì-ẹ̀yẹ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àgbáyé. Wọ́n kàn án dé abala keje, Fullmer kò lè jáde fún ìkẹjọ, ìjà parí. Kò sí ẹni tó jókòó sí pápá náà tó ń wá àlàyé ìdí tí Tiger fi borí. Ojú wọn ló ṣe.

Orin kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní olórin báyìí ló ta yọ lọ́dún yìí, ẹni tó gbọ́ yóò bi wá pé: nípa kí ni? Ṣé ohùn ni, àbí ìlù, àbí ọ̀rọ̀ inú orin, àbí bó ṣe mọ agbo í mú? Ìbéèrè yìí ni àwọn ètò àmì-ẹ̀yẹ orin tí ilé iṣẹ́ rédíò ń ṣe lọ́dọọdún kì í sábà dáhùn. Wọ́n á ka orúkọ àwọn olùdíje, wọ́n á ya àpòòwé, wọ́n á pe orúkọ ẹnì kan, àtẹ́wọ́ á dún, wọ́n á bọ́ sórí èyí tó kàn. Lójú tèmi, ẹ̀bùn tí kò bá bá àlàyé rìn kò tíì di lámèyítọ́. Rédíò ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí, pàápàá rédíò n'Ìbàdàn, nítorí ọ̀nà tí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ gbà fìdí múlẹ̀ ní ìlú yìí.

Ní 1953, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbà tí Nàìjíríà yóò gba òmìnira ń dá ìjà sílẹ̀, Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, aṣáájú ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun fèsì. Wọn kò gbà. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn pinnu pé àwọn yóò ní ilé iṣẹ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, rédíò WNBS sì tẹ̀ lé e. Pé wọ́n sọ̀rọ̀ sí ènìyàn tí wọn kò jẹ́ kó fèsì wà lára ìdí tí a fi ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwa n'Ìbàdàn. Kò yẹ kí irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, máa ṣe ìdájọ́ tí kò ṣeé bi léèrè.

Kò pẹ́ rárá tí orin fi di ọ̀rọ̀ ìdíje níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n gbé ìdíje àwọn ẹgbẹ́ olórin jùjú sórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. I. K. Dáíró àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Blue Spots, ló gbégbá orókè. Tẹlifíṣọ̀n kò tíì pọ̀ nílé àwọn ènìyàn nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ríbi wò ó gbọ́ ohun tí adájọ́ gbọ́, ó sì láǹfààní láti bá a jiyàn. Ní 1963, Ọbabìnrin Ìlú Ọba fún Dáíró ní oyè MBE. Orúkọ rẹ̀ ti kan káàkiri kó tó dìgbà náà, ìdíje yẹn sì wà lára ohun tó gbé e jáde.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1993, NTA Ìbàdàn, tó jogún WNTV, ni wọ́n ti fi Wàsíù Àyìndé, olórin fújì, jẹ Olúayé Fújì. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí, fi í jẹ Máyégún ilẹ̀ Yorùbá. Oyè Aláàfin ní ìtàn àti ìlànà lẹ́yìn, a mọ ẹni tó fi í jẹ àti àṣẹ tó fi ṣe é. Èyí tí a fi jẹni ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ńkọ́? Àríyànjiyàn lórí ta ni ọ̀gá nínú fújì ti wà láti ìgbà àwọn àgbà olórin fújì, Barrister àti Kollington, kò sì tíì rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìjà àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn kì bá má le tó bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń fi olórin jọba máa ń sọ ohun tó rí lára orin rẹ̀.

Kì í ṣe rédíò nìkan, ìwé ìròyìn pẹ̀lú lè dá olórin lọ́lá. Ètò Headies tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ dáadáa, inú ìwé ìròyìn Hip Hop World ló ti jáde ní 2006. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ń kọ nípa orin ni, kò lè gbé orin sí ẹnikẹ́ni létí. Rédíò ló ń gbé e jáde láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí tí ọmọdé yóò fi mọ̀ ọ́n kọ. Bí ọdún bá wá parí, tí ilé iṣẹ́ kan náà ní orin báyìí ló gbajúmọ̀ jù, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń dájọ́ fún. Orin tí kò bá rí ojú rere ẹni tó ń darí ètò kò ní í gbajúmọ̀. Èyí tí kò bá gbajúmọ̀ kò ní í wọ ìdíje. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni gba owó ẹ̀yìn. Kódà bí ọwọ́ gbogbo wọn bá mọ́, ìṣòro náà wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Amẹ́ríkà ti rí ibi tí irú nǹkan báyìí ń já sí. Ní 1959 ni Alan Freed, gbajúgbajà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń gbé orin rock and roll jáde, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní rédíò WABC ní New York, nígbà tí àṣírí owó tí àwọn ilé iṣẹ́ awo orin ń fún àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n ṣòfin pé rédíò tó bá gba owó kó tó gbé orin gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí olùgbọ́ mọ̀. N'Ìbàdàn tiwa, láti ìgbà tí Splash FM ti dé ní 2007, rédíò aládàáni ti pọ̀. Yínká Ayéfẹ́lẹ́, tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ orin túngbá, ló ni Fresh FM tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Ohun ìwúrí ni lójú mi kí olórin ní rédíò, nítorí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta olórin lẹ́sẹ̀. Àmọ́ bí orin àti rédíò ṣe ń súnmọ́ra tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí ẹni tó bá ń dájọ́ máa sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ìdí ìdájọ́ rẹ̀ síta tó.

Ní ti ìbò tí wọ́n ń fi fóònù dì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ń sọ iye ọmọ ẹ̀yìn tí olórin ní àti agbára owó káàdì wọn. Ó dára kí a mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n kí a má pè é ní ìdájọ́ orin.

Lókè òkun náà, rédíò ti gbìyànjú iṣẹ́ yìí. RFI, rédíò ilẹ̀ Faransé, ti ń fún àwọn olórin Áfíríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ní Prix Découvertes láti 1981. Rokia Traoré gbà á ní 1997, Tiken Jah Fakoly ní 2000. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọn kì í fi olórin sílẹ̀ lẹ́yìn àtẹ́wọ́. Wọ́n ń ṣètò ìrìn-àjò fún un káàkiri Áfíríkà kó lọ kọrin níwájú ènìyàn. BBC Radio 3 náà ṣe tirẹ̀ láti 2002 sí 2008, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí apá àríwá, gbogbo Áfíríkà ni wọ́n kó sí ìsọ̀rí kan ṣoṣo. Tinariwen gbà á ní 2005, Amadou àti Mariam ní 2006. Olórin ńlá ni wọ́n, kò sí iyèméjì. Síbẹ̀, ìwọ̀n wo ni adájọ́ fẹ́ fi wọn gìtá àwọn ará aṣálẹ̀ Sàhárà mọ́ ìlù dùndún? Ní 2024 ni Grammy náà kọ́kọ́ fúnni ní ẹ̀bùn ní ìsọ̀rí orin Áfíríkà. Tyla láti South Africa ló gbà á, nígbà tí Burna Boy, Davido, Ayra Starr, àti Asake pẹ̀lú Olamide wà lára àwọn olùdíje. Ariwo sọ n'ílé wa. Ẹni tó ń pariwo lòdì sí àlejò tó kó wa pọ̀ sójú kan yẹ kó wo ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe sí orin tiwa.

Ẹ wo fújì. Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí n'Ìbàdàn ní 1948, inú wéré ló ti jáde, orin ajísààrì tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí lóru oṣù Rámádàánì. Dáúdà Epo-Àkàrà, ọmọ Ìbàdàn bákan náà, sọ tirẹ̀ di awúrebe. Ẹgbẹ́ wéré àdúgbò kan a máa bá ti òmíràn fagagbága. Ojú agbo ni wọ́n ti mọ ẹni tó gbówọ́. Títí di òní, agbo ni ilé ẹ̀kọ́ fújì. Ẹni tó ti jókòó níbẹ̀ dé ìdájí mọ̀ pé olórin lè wà láàárín orin kan, kí bàbá àgbà kan wọlé, kó sì yí orin náà sí oríkì ìdílé bàbá yẹn láìjẹ́ kí ìlù já. Onígángan á ti gbọ́ ibi tó ń lọ, á ti ṣíwájú rẹ̀. Àwọn ẹlégbè á gbé e. Ọgbọ́n orí, ìmọ̀ ìtàn, ohùn àti ìlù pàdé nínú ìṣẹ́jú kan. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tó wọ inú gígé orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tí rédíò ń gbé jáde, bẹ́ẹ̀ gígé yẹn ni wọ́n ń fi dájọ́.

Ẹ tún wo Haruna Ishola. Ní 1971 ó ṣe orin Oroki Social Club, tó fi yin ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo. Adájọ́ tó bá ń wá orin ìfẹ́ tàbí orin ijó yóò ní orúkọ ènìyàn lásán ló ń pè. Ẹni tó mọ àpàlà mọ̀ pé inú bó ṣe ń so orúkọ mọ́ orúkọ, bó ṣe ń fa ohùn sílẹ̀ tó tún ń gbé e, àti bí ìlù ṣe ń dúró dè é, ni iṣẹ́ ọnà náà wà. Ìsọ̀rí ìdíje tí kò bá ní àyè fún irú ìmọ̀ yìí, kí a má gbé e wá sí ìlú tó bí Barrister. Èyí tó tún ń dùn mí jù ni alẹ́ ìfúnni-lẹ́bùn fúnra rẹ̀, tí olórin yóò dúró lórí ìtàgé, tí wọn yóò tẹ orin tó ti gbà sílẹ̀, tí òun yóò máa la ẹnu tẹ̀ lé e. N kò rí ìdí tí a ó fi fún ènìyàn ní àmì-ẹ̀yẹ olórin ní alẹ́ tí kò kọrin.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dájọ́ iṣẹ́ ọnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí ìjàlá, tó jáde ní 1966. Bí oníjàlá kan bá ń sun ìjàlá lójú agbo, tí akẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ibi tó ṣì í, yóò dá sí i níbẹ̀, yóò ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá wí kì í gbà lẹ́ẹ̀kan. Ó lè ní bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, ó lè ní kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo èrò ń gbọ́. Lámèyítọ́ gidi nìyí: ẹ̀sùn ní ìdí, èsì ní ìdí, àwùjọ sì ń kọ́gbọ́n nínú méjèèjì. Kò sí ohun èlò tó tún yẹ fún irú ìdájọ́ yìí ju rédíò lọ, torí ó lè gbé orin náà sí wa létí, kó dá a dúró níbi tí ọ̀rọ̀ wà, kí onímọ̀ sọ tẹnu rẹ̀, kí olórin fèsì, kí olùgbọ́ pè wọlé.

Mo bẹ ẹ̀yin olóòtú ètò orin ní àwọn rédíò Ìbàdàn: kí ẹ tó ya àpòòwé, ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ó fi gbé orin àwọn olùdíje jáde lódindi, kì í ṣe ní gígé. Ẹ pe àyàn, ẹ pe akéwì, ẹ pe olùkọ́ Yorùbá, kí wọ́n jókòó ti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yín, kí wọ́n sì dárúkọ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí jùjú bá jùjú díje, kí àpàlà bá àpàlà. Ẹ jẹ́ kí olórin kọrin lójú wa. Ní Òkè-Àdó kan náà, ní òpópónà Imalefalafia, ni ilé iṣẹ́ Tribune wà, tó ti ń tẹ ìwé ìròyìn jáde láti 1949. Ó yẹ kí àlàyé àwọn adájọ́ wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú èsì ẹni tí kò gbà. Ẹ̀yin olùgbọ́ náà, bí wọ́n bá tún pe orúkọ olórin kan lọ́dún yìí pé òun ló mókè, ẹ gbé fóònù yín, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìdí.