Ìtàkùn Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Bí ọyẹ́ bá ti dé sí Ilémọ̀nà, tí ilẹ̀ gbẹ, tí ewé wọ́wé, ibi kan ṣoṣo ló máa ń tutù yọ̀yọ̀ nínú ọgbà mi: ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ibẹ̀ ni mo tọ́jú ìtàkùn ànàmọ́ sí. Àlejò lè rò pé igbó ló hù síbẹ̀ tí a ò rí ẹni ro ó. Lójú tèmi, kò sí ohun tó níyì tó o nínú gbogbo ibi tí a ń gbé.

Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ni ilẹ̀ wa, ẹsẹ̀ bàtà 50 níbùú, 50 lóòró. Ilé ti gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kànga gba tirẹ̀, ewúrẹ́ méjì náà gba ìgun kan. Ilẹ̀ tó ṣẹ́kù kò gbà ju ebè 20 lọ, àfi àwọn àpò ìrẹsì tí mo rọ erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí, tí mo tò sí ara ògiri. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ewédú wà, ata wà. Ṣùgbọ́n ànàmọ́ ni ọkàn mi wà lára rẹ̀, nítorí agbègbè Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ará ibòmíràn ń pè é ní ọ̀dùnkún, wọ́n á fi ṣe ìpápánu. Lọ́dọ̀ tiwa, a ń sè é, a ń dín in, a ń gún un mọ́ iṣu, a sì ń gé e sá sóòrùn fún èlùbọ́.

Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba ológun gbé Operation Feed the Nation jáde ní 1976, pé kí olúkúlùkù gbin oúnjẹ sí àyíká ilé rẹ̀, ebè ìyá mi ti dé ìsàlẹ̀ fèrèsé tipẹ́tipẹ́.

Gbígbin ànàmọ́ kọ́ ló le, títọ́jú irú rẹ̀ ni. Àgbàdo ṣeé so kọ́ òkè àdògán, ẹ̀wà ṣeé kó sínú ìgò, ṣùgbọ́n ìtàkùn ni a ń gbin ní ti ànàmọ́, ìtàkùn sì gbọ́dọ̀ wà láàyè láti oṣù kọkànlá tí òjò ti dá títí di oṣù kẹrin tí yóò tún rọ̀. Ìtọ́jú oṣù márùn-ún yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Omi ìwẹ̀ wa ni mo fi ń ṣe é. Mo la ojú àgbàrá tóóró kan láti ẹnu ihò balùwẹ̀, mo da iyanrìn sí i, kí omi ọṣẹ má baà dúró sí ìdí rẹ̀. Mo sì fi ẹ̀ka ọsàn ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà yí i ká. Bí ewúrẹ́ kan bá wọbẹ̀ fún wákàtí kan péré, ó parí.

Lọ́dún kan, mo rìnrìn àjò, mo sì fi ìtàkùn náà sílẹ̀. Ó kú. Nígbà tí òjò dé, mo ń ra ìtàkùn kiri. Èyí tí mo rí ti gbó, ewé rẹ̀ ká kò. Mo gbìn ín náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí mo wa ebè, ohun tí mo bá níbẹ̀ kò tóbi ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ó dùn mí wọra.

Láti ìgbà náà ni mo ti fi ọ̀nà kejì kún un, èyí tí àwọn onímọ̀ International Potato Center ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Uganda àti Gánà. Bí mo bá wa ànàmọ́ tán, mo máa ń ṣa àwọn kéékèèké tí kòkòrò ò tíì lu, tí ọkọ́ ò sì bó. Mo ń tò wọ́n sínú iyanrìn gbígbẹ nínú bàsíà, láì jẹ́ kí ọ̀kan kan èkejì, mo sì ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ nínú yàrá tó tutù. Lóṣooṣù ni mo ń tú u wò, tí mo ń yọ èyí tó bá jẹrà. Bó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí òjò dé, mo ń kó wọn jáde lọ sin sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, mo sì ń bomi rin wọ́n. Irú ìtàkùn tí wọ́n máa ń yọ! Ó sanra, ó sì mọ́.

Orí ìtàkùn ni mo ń gé gbìn, kì í ṣe ìdí tó ti gbó. Màá tò ó síbi ìbòòji fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ni màá ri oríkèé bíi mẹ́ta mọ́lẹ̀. Bí ó bá ń ta, tí ebè ń sán, erùpẹ̀ ni mo máa ń fà bo ojú ibi tó sán, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé tọ ànàmọ́ lọ, tí yóò fi korò.

Ní 2016, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin tó gba ẹ̀bùn World Food Prize, iṣẹ́ ànàmọ́ aláwọ̀ ọsàn, tó ń fún ọmọdé ní fítámìn A, ni wọ́n fi gbà á. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́. Mo ní ebè mẹ́ta tirẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ ilé ló sì ń kọ́kọ́ béèrè rẹ̀.

Lánàá, mo tú iyanrìn wò. Mẹ́ta ti jẹrà. Ìyókù ti yọ ojú. Ìyàwó ilé kejì ti gbọ́, ó sì ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé tèmi o.” Mo ya aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo fi so ìtàkùn tó máa jẹ́ tirẹ̀.