Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Àyẹ̀wò Ìwádìí lórí Ìwà Ipá Àwọn Ọ̀dọ́, láti Aboabo ní Kumasi

Àwọn àgbà wa ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn olùwádìí tí ń kọ̀wé nípa ìwà ipá láàrin àwọn ọ̀dọ́ wí ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ. Olùwádìí náà ń sọ ọmọ lórúkọ: “ọ̀dọ́ eléwu”, “ọmọ ìta”, “ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó hùwà ipá”. Bí ó bá sọ orúkọ náà láìwo ilé, orúkọ yóò tẹ̀lé ọmọ dé ibi tí ẹni tí ó sọ ọ́ kò fọkàn sí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ díẹ̀ wò nínú ohun tí ìmọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, èyí tí a tún ń pè ní sàíkọ́lọ́jì, ti sọ lórí ọ̀ràn náà. Àdúgbò Aboabo ní ìlú Kumasi ni a ó dúró sí láti wò ó.

Aboabo wà lára àwọn àdúgbò tí a mọ̀ sí Zongo ní Kumasi, nítòsí Asawase. Ó bá odò kékeré kan tí ń ṣàn gba inú ìlú náà jórúkọ. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Èdè Hausa ni onírúurú ẹ̀yà fi ń gbọ́ ara wọn yé, Twi sì ni èdè ìlú ní àyíká wọn. Ọ̀rọ̀ náà “zongo” ti inú èdè Hausa wá. Ibi tí àwọn oníṣòwò tí ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ ń dúró sinmi ni ó túmọ̀ sí. Nítorí náà, kí a tó mọ ohunkóhun nípa ọmọ tí a bí sí Aboabo, orúkọ àdúgbò rẹ̀ ti sọ pé àlejò ni. Enid Schildkrout kọ ìwé kan lórí àwọn ènìyàn Zongo Kumasi ní 1978. Lára ohun tí ó fi hàn níbẹ̀ ni pé ayé àwọn ọmọ tí a bí sí Zongo yàtọ̀ sí ti àwọn bàbá wọn tí ó ṣí wá: Kumasi ni ọ̀rẹ́ wọn wà, ibẹ̀ ni ìjà wọn wà, ibẹ̀ sì ni ẹbí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dì wà. Síbẹ̀, orúkọ àlejò kò kúrò lára wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwa Yorùbá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ gan-an nínú àwọn tí ó kó ẹrù wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbòho wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kó dání ni kò mọ ilẹ̀ mìíràn rí. Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ìran rẹ̀ yẹ kí ó mọ ohun tí orúkọ lè ṣe.

Ohun tí orúkọ lè ṣe tún hàn sí àwọn ará Kumasi kan náà ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2018. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin méje, wọ́n sì kéde pé adigunjalè ni wọ́n. Àwọn ará Zongo ní Asawase tú síta, wọ́n ní ọmọ àwọn ni, àwọn mọ̀ wọ́n, wọn kì í ṣe olè. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí. Ìgbìmọ̀ náà kò rí ẹ̀rí pé adigunjalè ni àwọn méje náà, a sì dá àwọn ọlọ́pàá kan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ òkú kì í jíǹde nítorí pé a tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ọ̀dọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán.

Kí ni ìmọ̀ ìṣesí ẹ̀dá wá sọ? Ní 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn ńlá kan jáde lórí ìwà ipá àti ìlera. Ó pín orísun ìwà ipá sí ìpele mẹ́rin: ẹni náà fúnra rẹ̀, àwọn tí ó sún mọ́ ọn, àdúgbò rẹ̀, àti àwùjọ lápapọ̀. Ìpín náà dára, ó sì bá ìrònú Yorùbá mu, nítorí a kì í dá ọmọ lẹ́jọ́ láìbéèrè ilé, ẹgbẹ́ àti ìlú rẹ̀. Àléébù tí a rí ni pé ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gbogbo ènìyàn ń kà sórí, ṣùgbọ́n ìpele kìn-ín-ní ni iṣẹ́ púpọ̀ dúró sí. Ọkàn ọmọ rọrùn láti fi ìwé ìbéèrè wọ̀n. Àwùjọ kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Láti bíi 1980 wá ni Kenneth Dodge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń fi hàn pé ọmọ tí ó máa ń jà sábà máa ń ka èèṣì sí ìjà. Bí bọ́ọ̀lù bá ba ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, kíá ni yóò gbà pé ẹni tí ó gbá a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìmọ̀ ńlá nìyí, àwa olùkọ́ èdè sì lè lóye rẹ̀ kíákíá, nítorí ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni: ọmọ náà ṣi ìṣe ẹlòmíràn kà. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ẹnì kan ní aṣìwékà, a gbọ́dọ̀ wo ìwé tí a gbé sí i lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá dúró lójijì lẹ́bàá ọ̀dọ́ kan ní Aboabo, tí ara rẹ̀ bú gìrì, tí ó gbà pé ibi ni ó dé, ṣé ó ṣì í kà? Lẹ́yìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2018, a kò lè fi ẹnu kan sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí a ṣe fún pápá ìṣeré kò tó láti wọn òpópónà.

Iṣẹ́ tí ó dára jù tí a mọ̀ ní ẹkùn wa lórí ọ̀ràn yìí wá láti Monrovia ní Liberia. Christopher Blattman, Julian Jamison àti Margaret Sheridan ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n kó ọkùnrin 999 jọ, àwọn tí olè jíjà, oògùn olóró títà àti ìjà ìgboro mọ́ lára. Wọ́n fi ìbò pín wọn. Àwọn kan gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lórí bí a ti ń ṣàkóso ìrònú àti ìwà ẹni. Àwọn kan gba 200 dọ́là. Àwọn kan gba méjèèjì. Àwọn kan kò gba ohunkóhun. Owó nìkan kò dín ìwà ọ̀daràn kù. Ẹ̀kọ́ nìkan ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń rẹ̀yìn bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Àwọn tí ó gba méjèèjì ni ìyípadà wọn fìdí múlẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwà bíi olè jíjà àti oògùn títà láàrin àwọn wọ̀nyí ti dín kù tó bí ìdajì tí a bá fi wọ́n wé àwọn tí kò gba ohunkóhun.

Ohun méjì ni a fẹ́ yìn nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni pé àwọn tí ó ti gba ọ̀nà náà kọjá rí wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé ẹ̀kọ́ náà kò dúró sí ẹnu. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gé irun, kí wọ́n wọ aṣọ tí ó mọ́, kí wọ́n wọ ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìtajà ńlá lọ, kí wọ́n wo bí àwọn ènìyàn yóò ti ṣe sí wọn. Sísọ pé ìwà jẹ́ ohun tí a ń hù kò ṣàjèjì sí wa. Inú èdè wa ni ó wà. A kì í sọ pé ènìyàn “ronú” ìwà, híhù ni à ń hù ú.

Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni àríwísí wa ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ̀dọ́ náà bí yóò ti ṣe ara rẹ̀ kí ìlú lè kà á dáadáa. Ta ni yóò kọ́ ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́ ní ìwé kíkà? Ta ni yóò kọ́ ọlọ́pàá? Bí ẹ̀kọ́ bá wà fún ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn méjì tí ń ka ara wọn, ìdajì iṣẹ́ ni a ṣe.

Àríwísí kejì kan àwọn tí ń ránni níṣẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2017, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Delta Force, tí wọ́n so mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà lórí àlééfà nígbà náà, já wọ ilé ẹjọ́ ní Kumasi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí a fẹ̀sùn kàn sílẹ̀. Ní 2019, lẹ́yìn rògbòdìyàn ìdìbò Ayawaso West Wuogon ní Accra, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó fi ẹgbẹ́ jàǹdùkú òṣèlú sí abẹ́ èèwọ̀. Àwa tí a mọ ìtàn “wẹ́tíẹ̀” ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lẹ́yìn ìbò 1965 kò nílò àlàyé púpọ̀. Ìwé ìbéèrè tí ó bi ọ̀dọ́ ní ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí kò bi í pé ta ni ó rán an, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó gbà sílẹ̀. Bí a bá wo ìbínú ọmọ sàn, tí àgbàlagbà tí ń san owó fún ìbínú náà ṣì ń rí ọmọ mìíràn gbà síṣẹ́, kí ni a dènà?

Àríwísí kẹta wà fún àwa fúnra wa. Ó ti di àṣà láàrin àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá pé bí a bá ti dárúkọ ìwà ipá, “ọmọlúàbí” ni a ó fi dáhùn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà nìkan jẹ́ oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni a máa ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà, tí a ó sì jókòó. Àwọn ọkùnrin Monrovia kò yí padà nítorí pé wọ́n gbọ́ òwe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é títí ó fi mọ́ra. Bí sùúrù bá jẹ́ baba, ó yẹ kí a lè sọ ibi tí ó ń gbé, àti bí ọmọ ogún ọdún tí kò níṣẹ́ ṣe lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé a ti fi ọ̀rọ̀ orúkọ bo ọ̀bẹ mọ́lẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọ̀bẹ wà. Bí ọ̀dọ́ bá jà ní Aboabo, ọmọ Aboabo náà ni ó kọ́kọ́ ń farapa, ìyá Aboabo ni ó sì ń sunkún. A kò sọ pé kí a má pe ìwà ipá ní ìwà ipá. Ohun tí a sọ ni pé ìṣe ni kí a sọ lórúkọ, kí a má fi orúkọ ìṣe pe ọmọ, kí a má sì fi pe àdúgbò rẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà níbí fún olùkọ́ èdè. A ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè àwọn olùwádìí sí Yorùbá, Hausa àti Twi, a sì máa ń kánjú ṣe é. “Ṣé o máa ń jà?” kò rọrùn bí ó ti dún. Ẹni tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń jà. Ẹni tí ó ń jà ní ọjà ń jà. Tọ́ọ̀gì náà ń jà. Ìbínú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú Yorùbá, àìlèmú un mọ́ra ni à ń bá ènìyàn wí sí. Bí atúmọ̀ èdè bá da gbogbo wọn sínú ọ̀rọ̀ kan, akin àti ìpáǹle yóò gba máàkì kan náà, èsì yóò sì jáde pé àdúgbò kan kún fún ewu. Ní Monrovia, àwọn olùwádìí rán àwọn ọmọ ilẹ̀ náà lọ láti bá díẹ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà rìn fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tàkúrọ̀sọ pẹ̀lú wọn, láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n sọ nínú ìwé ìbéèrè jẹ́ òótọ́. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ atúmọ̀ èdè. Kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò di orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, kí ó wọ ilé náà, kí ó jókòó, kí ó sì gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń pè é.