Ọwọ́ Ọ̀mọ̀lé Àgùdà: Àtúngbéyẹ̀wò Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́

Ó ti di àṣà kí àwọn tí ó ń ṣàpèjúwe Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, máa pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a sọ di mọ́ṣáláṣí, tàbí kí wọ́n kà á sí àwòkọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia lásán. Kò ṣòro láti mọ ohun tí ó fà á: àwọn òpó tí a yọ lára ògiri, ọnà ara rẹ̀ àti ọ̀dà aláwọ̀ mèremère. Síbẹ̀, èrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé náà kò jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n kọ́ ọ fún ìrun kíkí láti ìpìlẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, Àgùdà, wà lára ohun tí ó ń ṣini lọ́nà. Lẹ́nu Yorùbá, Ìjọ Àgùdà ni ìjọ Kátólíìkì. Àgùdà sì tún ni àwọn tí ó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wálé, bí àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹni tí kò bá ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ yóò gbọ́ “iṣẹ́ Àgùdà”, yóò sì rò pé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Òfin ìpìlẹ̀ Bùràsíìlì ti ọdún 1824 ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn yìí jù lọ. Ó gba ẹlẹ́sìn mìíràn láàyè láti jọ́sìn nínú ilé, bí ilé náà kò bá ti ní ìrísí ilé ìsìn lóde. Nítorí náà, ọ̀mọ̀lé Mùsùlùmí ní Bahia lè bá wọn kọ́ ojú ṣọ́ọ̀ṣì títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n dunjú, kí ó má sì láǹfààní láti kọ́ mọ́ṣáláṣí kan ṣoṣo tí aráyé lè rí. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ ni ó fi kọ́ ọmọ àti ọmọṣẹ́. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ohun tí ọwọ́ mọ̀ ni ọwọ́ ṣe.

Ẹ̀rí Èkó kò yàtọ̀. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ni wọ́n kọ́ Holy Cross ti àwọn Kátólíìkì, tí a ṣí ní 1881. João Baptista da Costa ni ọ̀gá ọ̀mọ̀lé tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894. (Orúkọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni ọkùnrin náà ń jẹ́!)

Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889, tí ó ya Ìlaró kúrò lára Àjàṣẹ́, ti wọ inú ìtàn ilé kíkọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń ṣèwádìí pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní ilẹ̀ Yewa a máa kọjú sí Èkó nìkan, bí ẹni pé ọ̀nà Àjàṣẹ́ ti dí.

Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn orúkọ lásán. Ilé tí a bá ti kà sí àwòkọ kì í ní alágbàwí. Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ Èkó tí a ṣí ní 1913 ti lọ. Tuntun tí a ṣí ní 1988 ni ó wà níbẹ̀. Ìlọ́jọ̀ Bar, ilé Àgùdà tí ìjọba fi ṣe ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ni a wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.