Ìbéèrè Tí A Gé Lẹ́nu

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ya ọ̀dọ̀ ìyá elélùbọ́ kan ní Ọjà Igbó, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ètò ìbéèrè àti ìdáhùn ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ni wọ́n gbà lálejò. Ẹnì kan pè, ó fẹ́ mọ ìdí tí owó ìsọ̀ fi lé. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí atọ́kùn fi gé e lẹ́nu: "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹlòmíì." Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Prófẹ́sọ̀, ṣé ẹ rí i? Wọn ò ní dáhùn, wọ́n kàn ní ká máa pè ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Kì í ṣe pé àlejò náà kò mọ ìdáhùn ló dùn mí. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àbùkù atọ́kùn ni mo rí. Kò tún ìbéèrè náà sọ kí a mọ̀ pé ó yé e. Kò ní òun kọ ọ́ sílẹ̀. Kò dá ọjọ́ tí èsì yóò wá.

Ìlú wa yìí mọ ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè já sí. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ fárígá lórí owó orí lọ́dún 1968, ìjọba Adéyínká Adébáyọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Ayọ̀ọlá. Wọ́n bi àwọn èèyàn léèrè, àwọn yẹn sì sọ tẹnu wọn. Síbẹ̀, ọkàn àwọn àgbẹ̀ kò balẹ̀. Nínú oṣù Keje ọdún 1969, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì gba ẹ̀mí Ṣọ̀ún Ọlájídé. Lẹ́yìn náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá Táfà Adéoyè, olórí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, owó orí wálẹ̀ sí £2. Ohun púpọ̀ ló fa ìjà yẹn o. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ jókòó tì wọ́n, tí èsì sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ni wọ́n gbà gbọ́.

Òfin náà mọ̀ pé ìdáhùn ní gbèdéke. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì fún ẹni tó bá béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí atọ́kùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Wọn á ní owó ni wọ́n fi ń ra àkókò lórí afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí èèyàn márùn-ún pè dípò ogún, kí a sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ tó kọjá: "Ìbéèrè yín rèé, èsì tí wọ́n fún wa rèé. Èyí tí wọn ò tíì dáhùn náà rèé."

Ìyá elélùbọ́ mọ̀ pé owó ìsọ̀ kò ní torí rédíò wálẹ̀ lọ́la. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kankan ń gbọ́ ni.