Ààbọ̀ Ìṣẹ́jú Lórí Òkè

Ní Shelsley Walsh, ní ìgbèríko Worcestershire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà ọ̀dà tóóró kan wà tó gba àárín igi gòkè. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 1,000 yáàdì, bíi mítà 914, ibi tó parí sí sì fi nǹkan bíi mítà 100 ga ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1905 ni wọ́n ti ń fi mọ́tò díje níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mọ́tò ń gun òkè náà, aago nìkan ló sì ń bá ẹni tó ń wà á du ipò. Ernest Instone, tó yára jù lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lo ìṣẹ́jú àáyá 77.6 nínú mọ́tò Daimler. Lónìí, àwọn mọ́tò eré-ìje tó yára jù lọ kì í lò tó ìṣẹ́jú àáyá 23 mọ́. Àwa tí a kàn ń ṣe é nítorí ìfẹ́, tí mọ́tò wa jẹ́ alájòkòó méjì tí a tún ṣe nínú gáréèjì ilé, ààbọ̀ ìṣẹ́jú tàbí kó lé díẹ̀ ni tiwa. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú yìí ni àwọn ènìyàn fi ń fojú kéré iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí la fẹ́ fi hàn láàárín àkókò tí omi kò tíì ní hó? Èrò tèmi ni pé kíkúrú rẹ̀ ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀nà tó gùn máa ń fún ènìyàn láyè láti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Òkè kúkúrú kò fún ẹnikẹ́ni láyè yẹn, nítorí náà ìmọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí a mọ ibi tí nǹkan ti ń ṣòfò, kí a sì dí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní mọ́tò àti ẹni tó ń wà á wọn 1,000 kìlógíráàmù pọ̀. Láti gbé ìwọ̀n yẹn sókè ní mítà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 33, bíi agbára ẹṣin 40 ni yóò gbà, a kò sì tíì sọ ti eré sísá rárá. Òkè ló ni ogójì ẹṣin yẹn. Owó oníbodè ni, kò sẹ́ni tí kò ní san án. Mazda MX-5 àkọ́kọ́, tó jáde lọ́dún 1989, ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 rẹ̀ kò ju bíi ẹṣin 115 lọ, ìyẹn ni pé oníbodè ti gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni tó jẹ́ àlejò nídìí iṣẹ́ yìí bá gbọ́ èyí, ohun tó máa sọ ni pé kí a lọ wá ẹ́ńjìnnì tó tóbi. Èmi á ní kó kọ́kọ́ yọ ẹrù. Bí a bá yọ 100 kìlógíráàmù, owó oníbodè fi ẹṣin mẹ́rin dín. Ẹṣin mẹ́rin kò jọ nǹkan lójú, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ sì lè rí i fúnni láìtú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Àmọ́ ẹṣin mẹ́rin tí mẹkáníìkì fi kún un kò ní ran bíréèkì lọ́wọ́, kò sì ní bá táyà gbé nǹkan kan ní kọ́ọ̀nà. Ẹrù tí a yọ ń ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀: mọ́tò á tètè ṣí, á tètè dúró, á sì di ọ̀nà mú. Ìdí nìyẹn tí sípánà àti òṣùwọ̀n fi ń ṣáájú nínú iṣẹ́ wa. Sípíà táyà, jáàkì, kápẹ́ẹ̀tì, rédíò, gbogbo wọn ló ń gun òkè lọ́fẹ̀ẹ́ bí a kò bá sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Òfin ìsọ̀rí tí wọ́n pín mọ́tò sí ló máa sọ iye tí a lè yọ o. Ìsọ̀rí àwọn mọ́tò tó ṣì ń rìn ní títì kò gbà kí a tú inú wọn ká, ìsọ̀rí àwọn tí a tún ṣe gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbé sípánà kó tó ka ìwé òfin ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣòfò ṣáájú kó tó dé orí òkè.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ó kan táyà, táyà sì ni mo lè sọ̀rọ̀ lé lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú eré-ìje tí wọ́n ń yí pápá po, awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ yí i káàkiri kí táyà lè gbóná. Kò sí ìyẹn lórí òkè. Táyà tútù la fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà á sì tán kó tó gbóná débi tó yẹ. Nítorí náà, rọ́bà tó rọ̀, tó ń tètè gbóná, ló níye lórí lọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí a fi sínú rẹ̀. Ẹfun lásán tó láti kọ́ni ní ti afẹ́fẹ́. A ó fi fa ilà láti ojú táyà sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó gun òkè lẹ́ẹ̀kan, a ó sì bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí ilà náà parẹ́ dé. Bó bá parẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ táyà, afẹ́fẹ́ kò tó, táyà ń dojú dé ní kọ́ọ̀nà. Bí ẹfun bá ṣì funfun ní etí ojú táyà, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, apá kan rọ́bà tí a fowó rà kò fara kan ilẹ̀ rárá.

Ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni táyà tútù ti ń jẹ́jọ́ àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ kan á fi igi há ẹ̀yìn táyà kí mọ́tò má bàa yí padà sẹ́yìn. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀, á tẹjú mọ́ ọ̀pá dúdú pẹlẹbẹ tó wà níwájú mọ́tò, á ní kí wọ́n tì í síwájú díẹ̀, kí wọ́n dá a padà díẹ̀, títí á fi kù fínnífínní kó kan ìtànṣán iná tó so mọ́ aago. Iná aláwọ̀ ewé á tàn. Iná yìí kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà ti ṣí. Aago kò ní bẹ̀rẹ̀ títí ọ̀pá yẹn á fi gé ìtànṣán náà, kò sí èrè fún ẹni tó ta kìjí, ẹni tó bá fẹ́ lè mí kanlẹ̀ kó tó lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 64 àkọ́kọ́ ní aago tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì ń tẹ iye rẹ̀ síta pẹ̀lú èsì. Ẹni tó bá tẹ iná mọ́tò jù, táyà rẹ̀ á máa yí lójú kan, èéfín á rú, àwọn òǹwòran á pàtẹ́wọ́, ìwé èsì á sì kọ òótọ́ sílẹ̀.

Ní Prescott, ní Gloucestershire, òkè tí ẹgbẹ́ àwọn tó ni mọ́tò Bugatti ṣí fún ìdíje lọ́dún 1938, kọ́ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Pardon. Ó wọ́ bí ìwọ̀ ẹja, ó sì ga fíofío. Mọ́tò tó bá ń yí níbẹ̀ á gbé ẹrù rẹ̀ sórí táyà ìta, táyà ẹ̀yìn tó wà nínú kọ́ọ̀nà á sì fúyẹ́. Dífúréńṣà tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́ á wá jẹ́ kí agbára máa sá lọ sọ́dọ̀ táyà tó fúyẹ́ yẹn, tí kò lè ti mọ́tò síwájú mọ́. Yóò máa yí lásán, ẹ́ńjìnnì á máa ké, mọ́tò kò ní lọ. Dífúréńṣà tó ń so táyà méjèèjì pọ̀ nígbà tí ọ̀kan bá fẹ́ sá ló ń wo àìsàn yìí sàn, n kò sì rí owó tí a ná sí inú mọ́tò ẹlẹ́yìn-títì tó ń tètè sanwó padà bẹ́ẹ̀ lórí irú kọ́ọ̀nà yẹn. Ohun tó jọ ọ́ ni gíà. Nígbà tí a bá ń yí gíà, ẹ́ńjìnnì kò ti mọ́tò. Bí a bá wá ìwọ̀n gíà tó jẹ́ kí a ti kọ́ọ̀nà kan dé èkejì láìyí i, a ti gba àkókò padà láìfi ẹṣin kan kún ẹ́ńjìnnì.

Wàyí o, ọwọ́ tó ń wà á. Mọ́tò tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin sẹ̀ǹtímítà 28 láàárín ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Gígùn bàtà àgbàlagbà nìyẹn, ó sì lè ya ẹni tó gba ife sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà mélòó kan péré ni a ń gun òkè lọ́jọ́ kan, ó sábà máa ń jẹ́ méjì fún ìgbìdánwò, méjì fún aago. Nítorí náà, àtilé ni awakọ̀ ti ń kọ́ òkè náà sórí: ibi tí ọ̀dà ti yí àwọ̀ padà, òpó tí a fi ń mọ ibi tí a ó ti tẹ bíréèkì, ibi tí omi máa ń gbà kọjá bí òjò bá ti rọ̀. Àwọn tó rò pé agbára apá ló ń ṣe èyí, kí wọ́n rántí David Good. Apá rẹ̀ kan kò pé, síbẹ̀ òun ló gba ife ẹ̀yẹ gbogbo ilẹ̀ Bìrìtìkó nínú ìdíje gígun òkè lọ́dún 1961.

Àwọn kan ní owó ló ń gun òkè, kì í ṣe ọgbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ẹni tó yára jù lọ nínú gbogbo mọ́tò tó wá lọ́jọ́ kan, àfi kó ní owó mọ́tò eré-ìje, ìmọ̀ nìkan kò lè gbé MX-5 débẹ̀. Ìsọ̀rí la fi ń dá ẹjọ́ yìí. Mọ́tò àti ẹ́ńjìnnì tó bára mu la ń kó pọ̀, nínú ìsọ̀rí kan náà la sì ti ń rí mọ́tò méjì tí wọ́n jọra bí ìbejì, tí ọ̀kan fi ìṣẹ́jú àáyá méjì yára ju èkejì lọ. Owó kọ́ ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ lójú mi: wọ́n ní àwọn tó ṣe mọ́tò ní ilé iṣẹ́ mọ̀ jù wá lọ, pé bíbàjẹ́ ni à ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Lóòótọ́ ni wọ́n mọ̀ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n dáhùn yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n ṣe súpìríǹgì tó lè gba kòtò títì àti ẹrù ìrìn-àjò, wọ́n ṣe táyà tó lè gba òjò àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì, wọ́n ṣe aláìmẹ́ńtì tí kò ní jẹ táyà lójijì, wọ́n sì ṣe gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí wọn kò mọ̀. Àwa mọ ẹni tó ń wà á, a mọ ọ̀nà náà, a sì mọ gígùn rẹ̀. Aṣọ tí a rán sílẹ̀ fún ọjà dára, àmọ́ ẹni tí wọ́n wọn aṣọ fún kì í wọ tọjà lọ sóde.

Ní ti ewu, òótọ́ ni: igi kì í yà lọ́nà fún mọ́tò, bèbè sì wà nítòsí. Akoto, aṣọ tí kì í tètè gbiná, bẹ́líìtì tó mú ara dáadáa, a kò gbọdọ̀ yọ èyíkéyìí nínú wọn nítorí ìwọ̀n. Ibẹ̀ ni fífúyẹ́ parí sí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bámíńgámù àti agbègbè rẹ̀, Shelsley kò jìnnà sí yín, àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn sì ni ìdíje máa ń wáyé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ lọ dúró sí ibi kọ́ọ̀nà méjì tó tẹ̀ léra tí wọ́n ń pè ní Esses, kí ẹ di ojú yín. Ẹ má wo mọ́tò, ẹ tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe rọlẹ̀ níbi tí awakọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ ó sì gbọ́ ìgbà tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó tètè tẹ̀ ẹ́ padà, tí kò sì tún gbé ẹsẹ̀ kúrò mọ́ títí tó fi kọjá òpin ọ̀nà, orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ wò lókè ìsọ̀rí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lẹ ìwé èsì mọ́ pátákó.